Tó o bá ti la jẹjẹrẹ ọyàn kọjá n'Ìbàdàn: ẹni tó o máa fara tì, àti bó o ṣe máa ta àwọn tó kù lólobó

Ẹ jọ̀wọ́ o, àwọn ọ̀dọ́ bíi tèmi ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ìdí tí mo fi ń sọ pé "o" nìyẹn, tẹ́ ẹ bá jù mí lọ ẹ má bínú. Télọ̀ ni mí. Ọmọ ọdún 29 ni mí nígbà tí mo fọwọ́ kan kókó kan nínú ọyàn òsì, kò dun mí rárá, ìyẹn gan-an ló sì tàn mí jẹ, mo fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, ìgbà tí mo wá dé hóspítù kékeré kan wọ́n ní mo ti kéré jù fún jẹjẹrẹ, kí n máa lọ sílé. Àṣé òun gan-an ni.

Tí wọ́n bá ti sọ fún ẹ pé jẹjẹrẹ ni, má sọ fún gbogbo èèyàn lọ́jọ́ kan náà. Mú ẹnì kan ṣoṣo, kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú sọ o, ẹni tó lè jókòó tì ẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láì wo aago ni. Àbúrò màmá mi ni tèmi, gbogbo ọjọ́ tí mo bá fẹ́ lọ gba kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ló máa ń gbé fúláàsì ẹ̀kọ gbígbóná dání, kì í sì í bi mí ní ìbéèrè kankan. Àwọn tó kù tó bá ní "kí la lè ṣe?", fún wọn níṣẹ́: kẹ́nì kan bá ẹ mú ọmọ ní sùkúù, kẹ́nì kan fún ẹ lówó ọkọ̀ láti Challenge dé UCH, hóspítù ńlá n'Ìbàdàn. Tó o bá kàn ní "ẹ bá mi gbàdúrà", wọ́n á gbà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n àdúrà kì í fọ aṣọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, wá àwọn tó ti gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn tẹ́ ẹ jọ máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kímò ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, gba nọ́ńbà wọn. BRECAN náà wà, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọyàn lọ́wọ́, Betty Anyanwu-Akeredolu, tí òun náà ní jẹjẹrẹ ọyàn tó sì yè é, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1997. Ohun tí dókítà ò ráyè fún ni kó o bi wọ́n: bí tamoxifen, oògùn tí wọ́n ń lò kí jẹjẹrẹ má bàa padà wá, ṣe ń jẹ́ kí ooru mú ọmọdé lóru bíi ti ìyá àgbà, bí apá ṣe lè wú, ìdí tí a ò fi ń fi apá yẹn gbé garawa omi. Tó o bá ń lo tamoxifen, má lóyún láì kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀.

Ọyàn tí wọ́n gé ńkọ́? Ibi iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ dáadáa. Kí egbò tó jiná pátápátá, òwú rírọ̀ nìkan ni kó o kì sínú bùréṣíà. Tó bá ti jiná, fi kọ́tọ̀nù rán àpò kékeré tó rí bí ọyàn kejì, da ọkà bàbà gbígbẹ tàbí jéró sínú ẹ̀ títí tó fi máa wúwo tó èyí tó kù, torí tó bá fúyẹ́ jù èjìká á máa tẹ̀ sápá kan, ẹ̀yìn á sì máa dùn ẹ́. Rán àpò mìíì mọ́ inú bùréṣíà kó lè dúró, àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ibi ìkómọ kan ní Bódìjà ló ti gòkè dé ọrùn mi, mo sáré wọ ilé ìtọ̀. Fi síìpù sí i kó o lè da ọkà jáde tó o bá fẹ́ fọ̀ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á hù sí ẹ láyà.

Ó wá ku ká ta àwọn ẹlòmíì lólobó. Ibi tí iṣẹ́ ẹ bá ti gbé ọwọ́ ẹ dé ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Tépù ni tèmi. Tí mo bá ń wọn àyà oníbàárà, màá ní "Màmá, ṣé ẹ máa ń yẹ ọyàn yín wò?", wọ́n á rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n á béèrè. Màá ní tí nǹkan oṣù bá ti lọ tán ní bí ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi ọṣẹ pa ọwọ́ nílé ìwẹ̀, ẹ fi inú ìka mẹ́ta tẹ̀ ẹ́ yípo títí dé abíyá, kẹ́ ẹ tún wò ó nínú dígí, bóyá awọ ẹ̀ ti ń dà bí èèpo ọsàn, bóyá orí ọmú ti wọlé tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kókó kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ skáànù àti ẹran kékeré tí wọ́n bá bù lọ sí láàbù ló ń sọ òótọ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń bù ú kì í jẹ́ kí jẹjẹrẹ tàn ká o, irọ́ tí mò ń gbọ́ jù ni pé ó ń tàn án ká.

Tẹ́nì kan bá ní ayé ló ṣe é, má bá a jà. Mo máa ń ní "ẹ máa gbàdúrà yẹn lọ lórí bẹ́ǹṣì hóspítù."

Tí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àsàlátù bá pè ẹ́, ìṣẹ́jú 10 ti tó, kó o sì ti pinnu láti ilé ohun tó ò ní sọ, èmi kì í fi ojú ọgbẹ́ mi han ẹnikẹ́ni, wọn ì báà bẹ̀ mí títí. October, oṣù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún jẹjẹrẹ ọyàn, làwọn èèyàn máa ń rántí wa, tí wọ́n á lẹ ríbọ́ọ̀nù píǹkì máyà, March ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹnì kankan ò retí ẹ nígbà yẹn.

Ọ̀sẹ̀ tí mo bá fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò tèmi, mi ò kì í gba ìpè ẹnikẹ́ni láti wá sọ̀rọ̀, ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń wà, màá tan rédíò Amúlùdùn, màá máa ránṣọ.