Imú Ń Ṣẹ̀jẹ̀? Ẹ Má Gbé Orí Sókè

Tí ọyẹ́ bá mú l'Óṣogbo, tí imú gbẹ débi pé ó ń là, ẹ̀jẹ̀ kì í pẹ́ yọ. Kíá lará ilé á ti pariwo pé, "Gbé orí sókè!" Ẹ má dán an wò. Ẹ̀jẹ̀ ò dá o, ọ̀fun ló yà sí. Tó bá sì kún inú, èébì ló kàn.

Ẹ jókòó, ẹ tẹ orí síwájú díẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e fún ibi tó rọ̀ lára imú pa, nísàlẹ̀ egungun. Orí egungun gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ń dì mú, asán sì ni. Ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ wo aago sí i. Ẹnu ni kí ẹ fi mí, kí ẹ tu ẹ̀jẹ̀ tó bá wọ ẹnu dànù. Ẹni tó ń jọ̀wọ́ ẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì-méjì láti yọjú wò ó, ṣe ló ń tú ẹ̀jẹ̀ tó ti fẹ́ dì.

Kí ló dé tó jẹ́ ibi rírọ̀? Lára ògiri tó pín imú sí méjì, nítòsí ẹnu ihò, làwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ti ń pàdé bí ọ̀nà ṣe ń pàdé ní oríta Ọláìyá. Ọ̀kan nínú wọn, anterior ethmoidal, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀: ara iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sójú ló ti ya. Ó gba ihò kékeré kan lára ògiri kòtò ojú, ó rìn lórí òrùlé àwọn ihò afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ojú méjèèjì, ó ń pín ẹ̀jẹ̀ fún wọn, ó yọ sábẹ́ ọpọlọ, kó tó sọ̀kalẹ̀ wọ imú. Ìdí ẹ̀ nìkan lọ́wọ́ yín lè tó.

Nítorí náà, ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú, tó forí gbálẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú ẹ̀, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Egungun tó fọ́ lókè lè ti já iṣan yẹn. Ẹ má ki òwú bọ imú ẹ̀, ẹ má sì ní kó fun imú. Omi tó mọ́ gaara tó bá ń kán níbẹ̀ lè jẹ́ omi ara ọpọlọ. Tí ojú kan bá ń wú yọ síta, tàbí tó ní òun ò ríran dáadáa mọ́, ó lè jẹ́ pé iṣan tó já ti sún padà sínú kòtò ojú, tó ń da ẹ̀jẹ̀ síbẹ̀, tó sì ń fún iṣan ìríran pa. Ẹ gbé e lọ sí UNIOSUN Teaching Hospital, ẹ má dúró ka ìṣẹ́jú kankan.

Ti ọyẹ́ náà, tó bá kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìdá, ilé ìwòsàn ni. Tó bá dá, ẹ má fi àbóníkí ra á, á máa ta ojú egbò. Bàsìlín díẹ̀ létí ihò imú ti tó, kí ẹ sì gé èékánná ọmọ tó máa ń ti ìka bọ imú.