Cite ò wà fún orúkọ èèyàn: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bá a ṣe ń fi àyọlò sórí pééjì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo yọ ọ̀rọ̀ kan lò látinú ìwé, mo wá fi táàgì cite (ọ̀kan lára àwọn àmì HTML, èdè tá a fi ń kọ pééjì orí íńtánẹ́ẹ̀tì) yí gbogbo ọ̀rọ̀ náà ká, ni gbogbo lẹ́tà ẹ̀ bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Orúkọ táàgì yẹn ló tàn yín, ẹ̀yin nìkan kọ́ ló sì tàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ yọ ló ń gbé inú cite, àkọlé iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti yọ ọ́ ló ń gbé ibẹ̀, ìbáà jẹ́ ìwé, orin, fíìmù, ewì tàbí àpilẹ̀kọ. Bùráúsà ló ń dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń tẹ̀wé ṣe máa ń tẹ àkọlé ìwé tipẹ́tipẹ́. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ yọ gan-an, tó bá jẹ́ gbólóhùn kúkúrú láàárín ọ̀rọ̀ tiyín, táàgì q ni kẹ́ ẹ lò, tó bá jẹ́ odindi ìpínrọ̀, ẹ lo táàgì blockquote. Tẹ́ ò bá fẹ́ kí àkọlé dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kọ font-style: normal fún cite nínú CSS yín, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti ń sọ bí pééjì ṣe máa rí lójú, ẹ má torí ẹ̀ yọ táàgì náà.

Ìbéèrè: Orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ wá ńkọ́? Àwọn kan ń fi sínú cite, àwọn kan ní kò dáa.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ yìí ti fa àríyànjiyàn gan-an. HTML 4.01 tó jáde ní 1999 fi orúkọ èèyàn sínú cite nínú àpẹẹrẹ tiẹ̀ gan-an, HTML5 tí ẹgbẹ́ W3C tó ń ṣe ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì gbé jáde ní 2014 náà gbà á láàyè, àmọ́ WHATWG, ẹgbẹ́ kejì tó ń kọ ìlànà HTML, ní rárá, orúkọ èèyàn kì í ṣe àkọlé iṣẹ́. Ní 2019 àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan pé ìlànà HTML kan ṣoṣo ni kó kù, èyí tí WHATWG ń tún ṣe lójoojúmọ́, òun la sì ń tẹ̀ lé báyìí. Torí náà ẹ kọ orúkọ òǹkọ̀wé lásán, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, span, táàgì tí ò ní ìtumọ̀ kankan fúnra ẹ̀, wà ńbẹ̀. Pééjì yín ò ní bàjẹ́ tẹ́ ẹ bá ṣe é lódìkejì o, ohun tí kóòdù yín ń sọ ni ò ní jóòótọ́, ìyẹn sì dùn mí jù kó bàjẹ́ lójú lọ.

Ìbéèrè: Mo lo q, àmì àyọlò wá di méjì méjì.

Ìdáhùn: Ẹ pa èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ̀ rẹ́. Bùráúsà ló ń fi tiẹ̀ sí i fúnra ẹ̀.

Ìbéèrè: Ibo ni mo máa kọ orísun blockquote sí? Mo kọ cite="..." sínú ẹ̀, mi ò rí nǹkan kan lójú pééjì.

Ìdáhùn: Ẹ ò lè rí i. Cite méjì ló wà, ọ̀kan jẹ́ táàgì fúnra ẹ̀, èkejì jẹ́ àlàyé tá à ń kọ sínú táàgì míì, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ àmọ́ iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Èyí tẹ́ ẹ kọ sínú blockquote yẹn, àdírẹ́sì ibi tẹ́ ẹ ti rí ọ̀rọ̀ nìkan ló ń gbà, bùráúsà ò sì ní fi han ẹni tó ń kà á, torí náà ẹ ṣì máa fi línkì tó ṣeé tẹ̀ síbi tójú ti lè rí i. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rèé: wọ́n á kọ orúkọ òǹkọ̀wé sísàlẹ̀ nínú blockquote níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá wà nínú blockquote, ẹ ń sọ pé ẹni yẹn ló sọ ọ́, ṣé òun ló wá ń dárúkọ ara ẹ̀ ni? Ìta ni orísun ń gbé, báyìí:

```
<figure>
  <blockquote cite="àdírẹ́sì ibi tẹ́ ẹ ti rí i">
    <p>Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ yọ</p>
  </blockquote>
  <figcaption>Orúkọ òǹkọ̀wé, <cite>Àkọlé ìwé</cite></figcaption>
</figure>
```

Figure ló so àyọlò àti orísun pọ̀ kí wọ́n má bàa pínyà.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè lo blockquote láti ti ìpínrọ̀ wọnú díẹ̀? Ọ̀rọ̀ tèmi ni o, mi ò yọ ọ́ níbì kankan.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Margin, ìyẹn àyè ẹ̀gbẹ́, nínú CSS máa ṣe ìyẹn fún yín. Ẹni tí ò ríran, tó jẹ́ ètò kan ló ń ka pééjì sí i létí, ètò náà lè sọ fún un pé àyọlò ló bẹ̀rẹ̀ yìí, á wá máa rò pé ẹlòmíì ló ń sọ̀rọ̀ nígbà tó jẹ́ ẹ̀yin ni.