Bí Ọmọ Yín Bá Bọ́ Sọ́wọ́ Kánsù: Fún Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ Tó Wà ní Ìlú Ọba

Tí Ojúde Ọba bá ti kọjá, tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti di ẹrù wọn padà, a kì í ṣàì rí ọmọ ọdún 14 tàbí 15 kan tó ṣẹ́kù sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Òde Rẹ́mọ. Ìsinmi lòun rò pé òun wá lò. Ìyá ẹ̀ ti bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀: “Màámi, ẹ bá mi tún un tọ́, àwọn ọmọ burúkú ló ń bá rìn.” Mo ti rí èyí tó gbọ́n nílé, mo sì ti rí èyí tó burú sí i, nítorí náà mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n tí kóòtù England bá ti fún kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, láṣẹ lórí ọmọ náà, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì. Òfin Children Act ti ọdún 1989 ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mú un kúrò ní Ìlú Ọba àyàfi tí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ òbí lórí rẹ̀ bá kọ̀wé fọwọ́ sí i, tàbí tí kóòtù bá yọ̀ǹda. Òbí tó bá jí ọmọ gbé lọ lè rí ẹ̀wọ̀n he. (Scotland ní òfin tirẹ̀, England ni mò ń sọ.)

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ọmọ gbà dé ilé alágbàtọ́. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹ̀yin fúnra yín fọwọ́ sí, tí wọ́n ń pè ní Section 20. Alẹ́ ọjọ́ tí ilé dàrú ni wọ́n sábà máa ń gbé ìwé yẹn síwájú èèyàn. Ẹ lè ní ẹ fẹ́ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá sì fọwọ́ sí i, ẹ̀tọ́ yín lórí ọmọ ò dín kù, ẹ sì lè mú un padà nígbàkigbà. Ọmọ tó bá ti pé 16 nìkan ló yàtọ̀: òun fúnra rẹ̀ lè ní òun ò lọ, kẹ́ ẹ má lè fà á.

Èkejì ni ti kóòtù, Section 31, níbi tí kánsù ti gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìpalára ńlá ń bá ọmọ náà tàbí pé ó ṣeé ṣe kó bá a. Òfin fẹ́ kí ẹjọ́ yìí parí láàárín ọ̀sẹ̀ 26. Bí kóòtù bá tiẹ̀ dá kánsù láre, ẹ̀yin àti kánsù lẹ jọ ní ẹ̀tọ́ òbí, àmọ́ ọ̀rọ̀ kánsù ló ń borí. Lọ́yà òbí nínú ẹjọ́ yìí, ọ̀fẹ́ ni, ì báà ṣe pé ẹ lówó bíi ti Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń kọrin nípa rẹ̀. Ẹ gbà á.

Ibi tí àwọn èèyàn wa ti ń pàdánù ọmọ jù ni ìtìjú. “Kí ilé má gbọ́.” Ilé ò gbọ́ lóòótọ́, ọmọ sì bá ara ẹ̀ lọ́dọ̀ àjèjì ní Kent, nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín ní yàrá tó ṣófo ní Peckham. Òfin ní tí ọmọ ò bá lè gbé lọ́dọ̀ òbí, ọ̀dọ̀ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tó yẹ ni kí kánsù kọ́kọ́ wò. Kánsù ò lè wo ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀. Lọ́jọ́ tí sóṣíà wọ́kà, òṣìṣẹ́ kánsù tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ, bá kọ́kọ́ wọlé, ẹ ka orúkọ fún un pẹ̀lú àdírẹ́sì àti nọ́ńbà. Ìyá àgbà ní Ìpẹ́rù náà wà nínú àwọn tẹ́ ẹ lè dárúkọ. Wọ́n lè ní kí wọ́n lọ wo ilé rẹ̀, kóòtù ló sì máa fàṣẹ sí i kí ọmọ tó lè lọ gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń pẹ́, ọ̀sẹ̀ 26 ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá fi orúkọ ìyá àgbà pa mọ́ títí ẹjọ́ fi fẹ́ parí, ó ti bọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ọmọ ránṣẹ́ láti Ṣàgámù sọ́dọ̀ “àǹtí” ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ gbọ́ tiyín. Lójú òfin, òbí àgbà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọmọ náà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí rẹ̀, àti ọkọ ìyá tàbí ìyàwó bàbá ni ìbátan tímọ́tímọ́. Àǹtí ṣọ́ọ̀ṣì ò sí níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá yín náà ò sí níbẹ̀, bẹ́ ẹ tiẹ̀ jọ dàgbà nínú agbo ilé kan. Tí ọmọ tí kò tíì pé 16 bá máa gbé lọ́dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kánsù gbọ́dọ̀ gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú.

Tí ọmọ bá ti dé ilé alágbàtọ́, ẹ má bá alágbàtọ́ jà. Òun kọ́ ló gba ọmọ yín. Òfin ní kí kánsù ro ẹ̀sìn, ẹ̀yà àti èdè ọmọ náà mọ́ ìpinnu rẹ̀, nítorí náà ẹ sọ ọ́ kó yé wọn: kò jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ó ń kírun Jímọ̀, irun orí rẹ̀ ń fẹ́ òróró. Ìpàdé àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wáyé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 20, èkejì kí oṣù 3 tó pé lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù 6. Ẹ lọ. Àga òbí tó ṣófo níbẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ náà lè má gbé fóònù yín, ó lè bú yín lójú àlejò, ó lè sá kúrò nílé alágbàtọ́ lóru. Ẹ má sọ pé “mo ti kọ̀ ẹ́ lọ́mọ.” Inú bí yín lẹ fi sọ ọ́, àmọ́ ó máa dé inú fáìlì, òun náà ò sì ní gbàgbé. Ẹ má fi wákàtí ìbẹ̀wò ṣe ìwàásù. Ẹ gbé ìkọ́kọrẹ́ wá nínú kúlà tí wọ́n bá gbà yín láyè, kẹ́ ẹ bi í léèrè ẹni tó ń bá jókòó ní kíláàsì.

Tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ò bá pé, ẹ má dúró dìgbà tó bá pé 18. Ọmọ tó ṣì wà lọ́wọ́ kánsù kì í san owó ìforúkọsílẹ̀ láti di ọmọ Ìlú Ọba. Lẹ́yìn 18, owó ńlá ni. Ó lè bá alágbàtọ́ gbé títí di 21 tí àwọn méjèèjì bá fẹ́, olùdámọ̀ràn kan láti kánsù sì lè máa bá a lọ títí di 25. Ẹ gba orúkọ olùdámọ̀ràn yẹn àti nọ́ńbà rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá wà ní 17.