Bẹ́ ẹ ṣe máa sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kúrúùsì lọ́jọ́ tó bá gúnlẹ̀, tẹ́ ẹ sì máa padà wọlé kó tó ṣí

Ohun tó máa ń jẹ èèyàn lọ́kàn tó bá kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ kúrúùsì, ìyẹn ọkọ̀ òkun ńlá tó ń gbé èèyàn rìnrìn àjò afẹ́ láti ìlú dé ìlú, ni bó ṣe máa jáde tí ọkọ̀ bá dé ìlú kan, ta ló máa béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹ̀, ṣé ó máa gba tíkẹ́ẹ̀tì míì ni, ṣé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa jẹ́ kó jáde. Ká sòótọ́, jíjáde ò le rárá. Ibi tí iṣẹ́ wà ni pípadà wọlé, torí náà kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ yẹn, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ aago tí wọ́n ń retí yín, ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà padà, àti ohun tó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ bá padà dé ẹnu ọ̀nà.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n á fi ìwé kékeré kan sínú yàrá yín tàbí kí wọ́n gbé e sórí áàpù ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó sùn. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí aago tí ọkọ̀ máa gúnlẹ̀, bóyá wọ́n máa so ọkọ̀ mọ́ èbúté ni tàbí ọkọ̀ kékeré ló máa gbé yín dé ilẹ̀, bóyá ìlú yẹn fẹ́ kẹ́ ẹ mú páásípọ́ọ̀tù dání, àti nọ́ńbà aṣojú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó wà ní ìlú náà. Ẹ tún máa rí dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn àjà ọkọ̀, tí ẹnu ọ̀nà ìjáde máa wà, torí kì í ṣe ojú kan náà ló ń wà lójoojúmọ́, tí omi bá kún tàbí tó bá fà wọ́n lè gbé e lọ sí dẹ́ẹ̀kì míì kódà láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ojú ewé yẹn.

Aago tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ kì í ṣe aago tí ọkọ̀ máa ṣí o, aago tí gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti wọlé ni, òun ni wọ́n ń pè ní all aboard. Lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ń fi ìṣẹ́jú 30 ṣáájú kí ọkọ̀ tó ṣí, àwọn míì máa ń fi í sí wákàtí kan gbáko. Tí wọ́n bá ní aago márùn-ún lọkọ̀ máa ṣí, tẹ́ ẹ wá sáré dé èbúté nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago márùn-ún lù, ẹ̀yìn ọkọ̀ lẹ máa wò, wọ́n á ti yọ afárá tí wọ́n ń gbà wọlé.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa torí òun ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Aago ọkọ̀ àti aago ìlú lè má bára mu. Ọkọ̀ kan á yí aago ẹ̀ kó lè bá ti ìlú tó dé mu, òmíì ò ní yí nǹkan kan, aago tí wọ́n fi gbéra náà ló máa bá lọ. Fóònù yín ò mọ ìyẹn, gbàrà tó bá ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú ló ti yí aago ara ẹ̀, kò sì ní sọ fún yín. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo jókòó sétí òkun, fóònù mi ti fi wákàtí kan pẹ́ sí aago ọkọ̀, mo ṣáà ń rò pé àsìkò ṣì pọ̀, àfìgbà tí mo rí i pé àwọn tá a jọ sọ̀ kalẹ̀ ti ń kó ẹrù wọn, mo ní kí ló dé, wọ́n ní ṣé mi ò mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n ti ẹnu ọ̀nà ni, àyà mi já, eré tí mo sá lọ́jọ́ náà ò kéré. Látìgbà náà, aago ọwọ́ tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ń lò, mo máa ń bá a dọ́gba pẹ̀lú aago tó wà nínú ọkọ̀ kí n tó jáde. Tẹ́ ẹ ò bá ní aago ọwọ́, ẹ wọ sẹ́tíǹsì fóònù yín kẹ́ ẹ pa ibi tó ti ń yí aago fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ń bá awakọ̀ tàbí afinimọ̀nà ìlú náà ṣàdéhùn, ẹ bi í pé ṣé aago ìlú ló sọ yẹn àbí aago ọkọ̀.

Àwọn kan máa ń bínú pé kí ló dé tí ọkọ̀ ò lè dúró de ẹni tó pẹ́. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti sọ àsìkò fún awakọ̀ èbúté tó máa tọ́ kápíténì sọ́nà jáde, owó ni wọ́n ń san lórí ibi tí wọ́n so ọkọ̀ mọ́, ọkọ̀ míì lè ti máa bọ̀ lójú ibẹ̀ náà, ìlú tó kàn sì ti ń retí wọn láàárọ̀. Tí ọkọ̀ bá pẹ́ níbí, ó máa di dandan kó sáré lójú omi, epo tó sì máa jó ò ní kéré.

Láàárọ̀, tẹ́ ẹ bá rí i pé ọkọ̀ ti dúró, ẹ má tíì sáré. Àwọn aláṣẹ ìlú yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ìwé ọkọ̀ wò kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀, ó lè má pẹ́, ó sì lè pẹ́. Tí wọ́n bá ti parí, wọ́n á kéde ẹ̀. Kẹ́ ẹ lọ to ìlà lórí àtẹ̀gùn ṣáájú ìkéde yẹn, ìyà lásán ni, ẹ kàn ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ni. Tí kò bá sí túà, ìyẹn ìrìn àjò ìgbafẹ́ tí wọ́n ti ṣètò sílẹ̀, tó ń dúró dè yín, ẹ jẹun, ẹ jẹ́ kí èrò àkọ́kọ́ lọ, tó bá yá ẹnu ọ̀nà á fúyẹ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ ò bá dùn, kó gba àtẹ̀gùn, torí lífìtì láàárọ̀ yẹn, ó lè kọjá níwájú yín lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó kún fọ́fọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mú dání ni káàdì ọkọ̀, èyí tẹ́ ẹ fi ń ṣí yàrá yín náà ni. Àwọn ọkọ̀ kan ti ń lo nǹkan róbótó téèyàn lè fi kọ́rùn tàbí kó so mọ́ ọwọ́, irú èyí tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Princess ń pè ní Medallion, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Sìkíọ́rítì tó wà lẹ́nu ọ̀nà á yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹ̀rọ, fọ́tò yín tí wọ́n yà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wọlé á jáde, ẹ̀rọ á dún, ó parí. Ohùn ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ ti jáde, torí náà ẹ má rìn kọjá kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ. Olúkúlùkù ló máa mú tiẹ̀ wá, ọmọ kékeré náà, àwọn ọmọdé ò sì lè dá jáde láìsí àgbà tó ń tọ́jú wọn. Ẹ tún mú ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò láti ọ̀dọ̀ ìjọba, torí ní ọ̀pọ̀ èbúté, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà ní géètì máa bi yín ní káàdì ọkọ̀ àti ìwé ìdánimọ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kẹ́ ẹ padà dé ìdí ọkọ̀. Fọ́tò páásípọ́ọ̀tù nínú fóònù náà dáa láti ní, ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́ ìwé gidi.

Afárá tẹ́ ẹ máa gbà jáde lè dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì máa ń yọ̀ tí òjò bá rọ̀. Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ, kẹ́ ẹ di irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mú. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, kó ti bá ọ́fíìsì àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ láti alẹ́ àná, àwọn òṣìṣẹ́ á bá a tì í.

Tí wọ́n bá so ọkọ̀ mọ́ èbúté, tẹ́ ẹ bá ti rìn díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, ẹ yíjú padà kẹ́ ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ àti orúkọ èbúté. Kì í ṣe fún ẹwà. Ní Cozumel ní Mẹ́síkò, èbúté ọkọ̀ kúrúùsì tó wà níbẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, Punta Langosta, International Pier àti Puerta Maya, àkọ́kọ́ wà láàárín ìlú, méjì tó kù jìnnà sí i, ẹni tó bá kàn sọ fún onítakisí pé kó gbé òun lọ sídìí ọkọ̀, ó lè bá ara ẹ̀ níbi tí kì í ṣe tiẹ̀. Ibòmíì wà tó jẹ́ pé èbúté ẹrù ni, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn láàárín àwọn kọ̀ǹtéénà, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ló máa gbé yín dé géètì, ẹ béèrè aago tí bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn máa padà. Orúkọ ìlú tí wọ́n kọ sínú ìwé ìrìn àjò náà lè tàn yín jẹ. Tí wọ́n bá kọ Róòmù, Civitavecchia lọkọ̀ máa gúnlẹ̀ sí, ó lé ní kìlómítà 60 sí Róòmù. Tí wọ́n bá kọ Paris, Le Havre ló sábà máa ń jẹ́, ó sì tó nǹkan bíi kìlómítà 200. Irú ìlú bẹ́ẹ̀, túà tí ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ṣètò ni mo máa ń gbà, bó tiẹ̀ wọ́n jù, torí tí bọ́ọ̀sì wọn bá pẹ́ lọ́nà, ọkọ̀ sábà máa ń dúró dè é, tí kò bá sì lè dúró, àwọn ló máa wá bí wọ́n ṣe máa gbé yín dé èbúté tó kàn. Ẹni tó dá lọ ò ní àǹfààní yẹn.

Ti ọkọ̀ kékeré wá yàtọ̀. Àwọn ibì kan, omi ò jìn tó tàbí kò sí èbúté tó lè gba ọkọ̀ ńlá, bíi Santorini ní Gíríìsì tàbí George Town ní Grand Cayman, ọkọ̀ á dúró sínú omi, wọ́n á máa fi ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní tender kó èèyàn lọ kó èèyàn bọ̀. Nígbà míì ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà tẹ́ ẹ̀ ń rí tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà ni wọ́n ń lò, ibòmíì ọkọ̀ àwọn ará ìlú ni. Láàárọ̀ wọ́n á fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì tó ní nọ́ńbà, wọ́n á máa pe nọ́ńbà, àwọn tó ra túà ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ. Gbogbo ìdílé ni kó jọ wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba tíkẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bọ́ sínú tender, ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣófo, ẹ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, fóònù nínú àpò, òṣìṣẹ́ á di apá yín mú, ẹ dúró kó sọ pé ó yá, torí ọkọ̀ kékeré yẹn ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ìgbì, ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé lásìkò tí kò yẹ lè ha sáàárín. Mi ò fi èyí ṣeré rárá. Tí òkun bá ń ru, kápíténì lè fagi lé gbogbo ẹ̀, kẹ̀kẹ́ arọ tó wúwo sì lè má ráyè nínú tender.

Fún ìpadàbọ̀, aago tí tender ìkẹyìn máa kúrò nílẹ̀ lẹ máa mọ̀, kẹ́ ẹ sì dé bíi wákàtí kan ṣáájú ẹ̀ torí ìlà. Ní Santorini, ìlà méjì ló wà, kẹ́ ẹ tó dé ìdí tender, ẹ máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti Fira, ìlú tó wà lórí òkè, kéébù, ìyẹn ọkọ̀ tó ń rìn lórí okùn irin, tó ń gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ máa ń ní èrò gan-an lọ́sàn-án, tẹ́ ẹ bá sì ní ẹ máa fẹsẹ̀ rìn, àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 500.

Nípa ẹrù, ẹ má mú èso, ẹran tàbí nǹkan tútù jáde láti orí tábìlì oúnjẹ ọkọ̀, òfin ọ̀gbìn ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ò gbà á, owó ìtanràn wà lórí ẹ̀. Táwẹ̀lì etíkun tí ọkọ̀ yá yín, ẹ dá a padà kí wọ́n má bàa gba owó ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń padà wọlé, wọ́n á yẹ káàdì wò, ẹ ṣí fìlà àti jígí dúdú kí ojú yín lè bá fọ́tò mu, báàgì á gba inú ẹ̀rọ X-ray, ẹ̀yin náà á rìn gba àárín ẹ̀rọ tó ń wá irin. Ọtí tẹ́ ẹ bá rà nílẹ̀, wọ́n sábà máa ń gbà á pa mọ́ títí di ìparí ìrìn àjò, ẹ gba rìsíìtì. Ọ̀bẹ, ẹ má wulẹ̀ rà á.

Tí ọkọ̀ bá so mọ́ èbúté, ẹ lè wọlé jáde iye ìgbà tó bá wù yín. Èmi fẹ́ràn kí n jáde láàárọ̀, kí n padà wá jẹun ọ̀sán nígbà tí ọkọ̀ dá páropáro, kí n tún jáde fún wákàtí méjì.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ọkọ̀ fi yín sílẹ̀, ẹ má lọ gba ọkọ̀ ojú omi kankan pé ẹ fẹ́ lé e bá. Ẹ pe nọ́ńbà aṣojú tó wà nínú ìwé yẹn tàbí kẹ́ ẹ lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ èbúté. Lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n bá ti rí i pé ẹ ò tíì wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ á lọ wo yàrá yín, tí wọ́n bá rí páásípọ́ọ̀tù yín, wọ́n á kó o fún aṣojú yẹn kí ọkọ̀ tó ṣí. Owó tẹ́ ẹ máa fi wọkọ̀ lọ bá wọn ní ìlú tó kàn, àpò yín ló ti máa jáde, torí náà ẹ mú káàdì báǹkì dání, oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò lójoojúmọ́ náà, kó kúrò ní yàrá bá yín jáde. Nọ́ńbà aṣojú yẹn, ẹ kọ ọ́ sórí bébà kẹ́ ẹ fi í sápò, torí bátìrì fóònù lè ti kú nígbà tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀.