Kóòdù P0335: ọkọ̀ mi tó ń kú tó bá ti gbóná
Ẹ́ńjìnnì á kàn kú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkòròdú. Tó bá tutù, á tún jí. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò gbé P0335 jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ kiránkì (èyí tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀), owó gbé! Àṣé ìlà iná sẹ́ńsọ̀ náà lápapọ̀ ni kóòdù ọ̀hún ń tọ́ka sí. Bọ̀dá ríwáyà kan ló ní ká fọwọ́ tọ wáyà rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù èéfín, rọ́bà rẹ̀ ti yọ́, bàbà inú rẹ̀ ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé. A tú orí bátìrì, a gé ibẹ̀, a fi òjé jó o pọ̀, a wé téèpù, a so ó jìnnà sí páìpù. Tiyín lè má jẹ́ wáyà o. Tèmi ti pé ọ̀sẹ̀ 3, kò tíì kú.