Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀lé àfẹ́sọ́nà yín lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ l'Ékìtì

Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ Sátidé lẹ fẹ́ gbéra n'Íbàdàn, ẹ tètè jí o, kí mọ́tò yín ti kọjá Ìwó Road kílẹ̀ tó mọ́ tán, torí tí gosiló ibẹ̀ bá fi mú yín, ó parí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo búréèkì dáadáa, òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè yẹn ò ṣeé fi ṣeré rárá. Ẹ lè ra dòdò Ìkirè lọ́nà (ẹ ó kúkú jẹ ẹ́ tán kẹ́ ẹ tó dé Ifẹ̀), àmọ́ ẹ̀bùn àwọn òbí, Ìbàdàn ni kẹ́ ẹ ti rà á, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ bèèrè ohun tí dókítà ní kí màmá má jẹ, kẹ́ ẹ má lọ gbé páálí mílíìkì aládùn fún ẹni tó ní ṣúgà. Ẹ mú káàṣì dání pẹ̀lú, ó ṣe pàtàkì.