Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Oúnjẹ Olóòórùn Líle ní Ọ́fíìsì Àjùmọ̀lò

Èmi ni mo ń mójú tó ilé ìdáná ọ́fíìsì àjùmọ̀lò kan, ó di ọdún 11 báyìí. Iṣẹ́ náà kò ní orúkọ tó wuyì. Bí fìríìjì bá ń jò, èmi ni. Bí ṣíbí bá sọnù, èmi ni. Bí gbogbo ilé bá ń rùn bí ẹja ní aago kan ọ̀sán, èmi náà ni wọ́n máa ń wò bí ẹni pé inú odò mi ni wọ́n ti pa ẹja ọ̀hún.

Lóṣù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan gba yàrá lọ́dọ̀ wa. Kí wọ́n tó ra àga tí wọ́n máa jókòó lé, wọ́n ti ra ẹ̀rọ tí ń fọ afẹ́fẹ́, sípíréè mẹ́fà, àti abọ́ kan tí wọ́n kọ sí lára pé òórùn kì í jáde níbẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé àwọn tó ń lo ọ́fíìsì pọ̀ máa ń jà lórí òórùn oúnjẹ, wọ́n wá fi owó ra àlàáfíà sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀kan nínú wọn gbé ẹja àná sínú máíkírówéèfù, ìṣẹ́jú márùn-ún, kò dé e.

Nítorí wọn ni mo ṣe ń kọ èyí, àti kí inú mi lè rọ̀ díẹ̀. Mi ò ní wá máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fọ abọ́ yín. Ẹ ti dàgbà.

1. Ooru ni ọ̀tá yín, ẹ ò mọ̀

Ẹja tó tutù máa ń jókòó jẹ́ẹ́ ni. Ìgbà tí ẹ bá fi ooru kàn án ló ń hu ìyẹ́. Ohun tí à ń pè ní òórùn ni àwọn èérún tín-tìn-tín tó ń fò kúrò lára oúnjẹ wá sínú imú wa. Bí oúnjẹ bá ṣe ń gbóná sí i ni wọ́n ń pọ̀ sí i, ooru omi tó ń ru jáde á sì máa gbé wọn kiri bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ pọ̀n.

Ẹja àná tún wá burú jù. Ọ̀rá ara ẹja kì í pẹ́ bàjẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá ti fọwọ́ kàn án, ẹ ò sì ní mọ̀ títí dìgbà tí ẹ bá gbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí òórùn ẹja gan-an, trimethylamine ni orúkọ rẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ló ń mú un jáde lára ẹja òkun lẹ́yìn tó bá ti kú. Nǹkan kíkan ló ń ká a lọ́wọ́ kò. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, tàbí kẹ́ ẹ ta fínígà díẹ̀ sí i, á di irú iyọ̀ kan tí kò lè fò mọ́. Gbogbo ọdún tí mo fi ń rí ẹ̀là ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja nínú àwo, ẹ̀ṣọ́ ni mo rò pé ó jẹ́. Mo máa ń mú un jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Èyí tó bá ṣeé jẹ ní tútù, ẹ jẹ ẹ́ bó ṣe ti inú fìríìjì jáde. Bó bá di dandan kó gbóná, ẹ fún nǹkan kíkan sí i, ẹ dé e, ẹ dín agbára máíkírówéèfù kù, kẹ́ ẹ sì máa dá a dúró láti rò ó títí yóò fi gbóná dénú. Ẹ má jẹ́ kó máa ta pàrà. Bó bá dún pé ó ti tán, ẹ má tíì ṣí i, ẹ jẹ́ kí ooru inú rẹ̀ rọlẹ̀ ná. Kẹ́ ẹ sì dúró tì í o! Ẹni tó gbé oúnjẹ síná tó lọ gba ìpè, mi ò ní ọ̀rọ̀ tí mo lè bá onítọ̀hún sọ.

2. Sípíréè. Ẹ jọ̀wọ́, sípíréè

Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa.

Sípíréè olóòórùn dídùn kì í lé òórùn kankan lọ. Òórùn tirẹ̀ ló máa ń kó wá bá a. Ohun tí imú máa gbọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fín in tán ni ẹja tó wọṣọ òdòdó lọ sóde ìgbéyàwó. Mo mọ yàrá kan tí wọ́n ti fín odindi agolo kan tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀fọ́rí túúlu máa ń dà láàmú. Ó fara da ẹja, ó fara da àlùbọ́sà, sípíréè ló wá gbé e délé lọ́sàn-án gangan.

Lẹ́yìn sípíréè ni wọ́n máa ń ra ẹ̀rọ tí ń fọ afẹ́fẹ́. Ibi tó ti ń dùn mí jù nìyí, torí èmi náà rà á. Wọ́n kọ HEPA gàdàgbà sára páálí, wọ́n kọ 99.97% sábẹ́ rẹ̀, mo kówó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sà sí. Irọ́ kọ́ ni nọ́ńbà yẹn. Asẹ́ HEPA tó pójú owó ń gba 99.97 dúró nínú 100 èérún tó tó 0.3 micron (bí ẹ bá pín mìlímítà kan sí ẹgbẹ̀rún, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni micron). Eruku, lẹ́búlẹ́bú òdòdó, ohun tó ń já bọ́ lára ológbò, iṣẹ́ rẹ̀ nìwọ̀nyẹn. Àmọ́ gáàsì ni òórùn ẹja. Ó fi ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún kéré sí eruku yẹn, ó ń gba inú asẹ́ kọjá bí omi ṣe ń gba inú apẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń tan ẹ̀rọ náà láràárọ̀, mo ń bi àwọn èèyàn pé, “Ẹ ò rí i pé afẹ́fẹ́ ti yàtọ̀?” Wọ́n ń dá mi lóhùn pé ó yàtọ̀ gan-an. Ọmọlúàbí ni wọ́n.

Ohun tó ń mú gáàsì ni irú èédú kan tí wọ́n ń pè ní activated carbon. Àwọn ẹ̀rọ kan ní in lóòótọ́, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ èyí tówó rẹ̀ rọjú, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n fi èédú ra lára ni. Kì í pẹ́ yó. Bó bá ti yó, iṣẹ́ parí nìyẹn títí ẹ óò fi pààrọ̀ rẹ̀, mi ò sì tíì rí ẹni tó rántí pààrọ̀ rẹ̀ rí.

Bẹ́ẹ̀ fèrèsé ń bẹ níbẹ̀, ọ̀fẹ́.

Ibi tí afẹ́fẹ́ ń kọjú sí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ gbé fáànù sójú fèrèsé ilé ìdáná, kó kọjú síta, kó máa ti afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ wá ṣí nǹkan díẹ̀ lápá ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣiṣẹ́, kí afẹ́fẹ́ máa ti ọ̀dọ̀ wọn wá sí ìdáná. Fèrèsé kan ṣoṣo kò lè ṣe é, torí afẹ́fẹ́ tí kò rí ẹni rọ́pò rẹ̀ kì í fẹ́ kúrò nílé. Ẹ̀rọ amúlétutù náà kò lè gbà yín. Afẹ́fẹ́ inú ilé kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń yí po, tí wọ́n á fi kó òórùn ẹja dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó síbi tó jìnnà sí ìdáná jù.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán ọ̀rọ̀ fáànù yìí wò, mo gbé e kọ ẹ̀yìn síta. Òdìkejì ìdáná ni yàrá ìpàdé wà, àlejò méje sì wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ buwọ́ lu ìwé àdéhùn. Odindi ogún ìṣẹ́jú ni mo fi fẹ́ òórùn àlùbọ́sà díndín sí wọn lára. Wọ́n buwọ́ lù ú o. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń lọ, àgbà inú wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀ bóyá a tún ń ta oúnjẹ níbí.

3. Abọ́ oníke ń mu òórùn, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ ra onígíláàsì tó ní ìdérí tó ń dé pinpin.

4. Ẹyin

Ẹ bó o nílé. Bí ẹ bá rí òrùka aláwọ̀ ewé tó yí pupa rẹ̀ ká, ẹ bọ̀ ọ́ jù nìyẹn: hydrogen sulphide tó ti inú funfun jáde ló lọ pàdé irin inú pupa. Imú èèyàn ń gbọ́ gáàsì yẹn bó ti wù kó kéré tó. Tó bá jinná, ẹ tètè jù ú sínú omi tútù.

5. Ẹ ń fọ eyín nítorí aáyù

Ẹ lè fọ̀ ọ́ kí eyín bọ́ o. Lẹ́yìn tí aáyù bá ti dà nínú yín, ohun kan nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ allyl methyl sulfide máa ń bá ẹ̀jẹ̀ yín rìn dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹ ó wá máa mí i síta fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹnu nìkan kọ́ ló ti ń wá mọ́ nígbà náà, kí ni búrọ́ọ̀ṣì àti ṣingọ́ọ̀mù fẹ́ ṣe sí i? Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Ohio State University ní Amẹ́ríkà ti dán an wò: ápù tútù, ewé minti àti létúùsì tútù ń dín in kù gan-an. Wàrà náà ń ṣe é, pàápàá bí ẹ bá mu ún pọ̀ mọ́ oúnjẹ dípò kẹ́ ẹ dúró di ẹ̀yìn oúnjẹ. Ápù kan nínú báàgì yín á ṣe ju páálí ṣingọ́ọ̀mù kan lọ.

6 tàbí 7, mi ò kà á mọ́. “Èmi ò gbóòórùn nǹkan kan”

Ó dájú pé ẹ ò ní gbọ́ ọ. Bí imú bá ti wà nínú òórùn kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó máa ń dákẹ́ lórí rẹ̀, kó lè gbọ́ èyí tó bá tún dé. Irú ohun agbóòórùn bí 400 ló wà nínú imú èèyàn. Linda Buck àti Richard Axel tí wọ́n ṣí wa lójú sí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2004. Kò sí ọ̀kankan nínú 400 yẹn tó máa jẹ́rìí gbè yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ìdajì wákàtí jẹun níbẹ̀. Ẹ jáde síta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tún padà wọlé, ẹ ó mọ ohun tí à ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ má ṣe bá aboyún jiyàn pé kò rùn. Imú tiẹ̀ lè máa gbọ́ ohun tí tiyín ò gbọ́.

Ìdalẹ̀nù

Egungun ẹja nínú agbọ̀n ìdalẹ̀nù abẹ́ tábìlì, lọ́jọ́ Ẹtì, ní aago márùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe é mọ ara yín. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ so ó, kẹ́ ẹ gbé e jáde kúrò nínú ilé kí ẹ tó lọ sílé. Èmi ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ Ajé.

Ìwé tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ fìríìjì

Èyí ń bí mi nínú ju ẹja lọ. Bí nǹkan bá ti rùn lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kan á lọ tẹ ìwé jáde pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá, á fi ọ̀rá bò ó kó má ya, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì: “Ẹ JỌ̀WỌ́ Ẹ MÁ ṢE GBÉ ẸJA WÁ.” Lọ́la wọ́n á fi ẹyin kún un. Lọ́túnla, kábééjì. Mo ti rí èyí tó gùn dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn fìríìjì, kọfí sì ń rùn gbogbo ilé lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni ò kọ orúkọ kọfí síbẹ̀ torí ọ̀gá ló ń mu ún.

Lọ́dún kan, ẹnì kan lọ kọ ọ́ sójú páálí pé oúnjẹ ta ló ń rùn bí òkú. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ń bá wí. Arábìnrin náà kò fèsì. Láti ọjọ́ náà, orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ló ti ń jẹun, abọ́ rẹ̀ lórí itan, nígbà òtútù pẹ̀lú. Ó lé ní oṣù kan kí n tó mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń lọ, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ní kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà ọ̀hún. Mo lọ bá a, mo tọrọ àforíjì, ó ní kò sí nǹkan kan. Nǹkan wà.

Oúnjẹ tí ìyá ẹnì kan fi tọ́ ọ dàgbà kì í ṣe ohun tí à ń fi lẹ́tà ńlá bú. Bó bá yọ yín lẹ́nu, ẹ pe onítọ̀hún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ ooru àti fèrèsé fún un, kẹ́ ẹ fi oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé e bí ẹ bá ń gbé e kaná.” Ó tán. Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ náà, kó bi àwọn tó jókòó tì í kó tó ṣí abọ́, kó sì wo ìwé ìpàdé bóyá àlejò ń bọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, a fi aago méjì sí méjì ààbọ̀ sílẹ̀ fún oúnjẹ olóòórùn líle. Fáànù á ti máa ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ẹni tí kò bá sì lè fara dà á á gba ìta lọ nasẹ̀. Kò sẹ́ni tó ná kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta yẹn ńkọ́? Lánàá, èyí tó gbé ẹja síná níjọ́sí wá kan ilẹ̀kùn mi, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ní ọsàn wẹ́wẹ́?” Mo fún un ní méjì. Mo tẹ̀ lé e dé yàrá wọn láti wo bó ṣe máa ṣe é. Ẹ̀rọ tí ń fọ afẹ́fẹ́ wọn ṣì wà lábẹ́ fèrèsé, ife tíì mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Tèmi wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, òun ni mo fi ń dá ilẹ̀kùn dúró kó má baà pa dé.